Ẹ má ra ìsọ̀yè fọ́mọ yín, páálí bàtà ni kẹ́ ẹ wá fún un

Lẹ́tà kan ló wà lórí tábìlì mi lọ́sẹ̀ yìí, mo kà á tán, mo tún un kà, inú mi ò dùn. Ìyá kan tó ń ta ẹlùbọ́ ló kọ ọ́, tàbí kí n kúkú wí pé ẹnì kan ló bá wọn kọ ọ́. Mi ò ní í dárúkọ wọn, mi ò sì ní í dárúkọ ọjà wọn, nítorí ọ̀rọ̀ inú ilé ni. Ohun tí wọ́n sọ rèé:

"Ọmọ mi oníwèé ìròyìn, ọmọ mi ọkùnrin tó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ti ń kọ́ èdè Jàpáànù láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ó fẹ́ ṣe ìdánwò wọn. Gbogbo òru ló fi ń kọ àwọn nǹkan kan tó dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ sínú ìwé. Ìwé tó ti kọ kún ti di mẹ́sàn-án. Bílẹ̀ bá mọ́, díẹ̀ báyìí ló ń rántí. Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, ó sunkún níwájú mi, ó ní orí òun ti dàrú. Wọ́n wá ní kí n mówó wá kí wọ́n ṣe ìsọ̀yè fún un, pé ẹnì kan nínú ẹbí bàbá rẹ̀ ló fọwọ́ kan ọpọlọ rẹ̀. Owó náà wà nílẹ̀, owó tí mo fẹ́ fi ra ọjà ni. Ṣé kí n san án?"

Ha! Màámi, ẹ dákun, ẹ ṣì mówó yín dání ná. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀.

Ohun tó ń ṣe ọmọ yín ti ṣe èmi náà rí. Nígbà tí mo fẹ́ ṣe WAEC àkọ́kọ́, mo máa ń gbé ẹsẹ̀ sínú omi tútù kí oorun má baà gbé mi lọ, màá tan àbẹ́là, màá ka ìwé Kẹ́mísìrì láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí ìrun àsùbáà. Ìwé kan náà ni mo kà nígbà mẹ́jọ. Mo dé inú gbọ̀ngàn ìdánwò, gbogbo rẹ̀ di òfo. F9 ni mo gbé wálé. Ìyá mi ti ń wo gbogbo ará àdúgbò lójú kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀, wọ́n ń wá ẹni tó ṣe é. Kò sẹ́ni tó ṣe é o. Èmi ni mo ka ìwé bí ẹni tó ń da omi sínú apẹ̀rẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tọ́mọ yìí ń bá jà, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣọ̀lẹ. Àwa Yorùbá, lẹ́tà 25 la ní. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n tán, kò síwèé tí kò lè kà. Àwọn ará Jàpáànù ní tiwọn, oríṣi ìkọ̀wé mẹ́ta ni wọ́n ń lò pọ̀. Méjì nínú rẹ̀, hiragana àti katakana, ìró ni wọ́n dúró fún, 46 péré ni lẹ́tà tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí kò le púpọ̀. Ìkẹta tí wọ́n ń pè ní káńjì, ibẹ̀ lẹ̀gún wà. Láti Ṣáínà ló ti wá láyé àtijọ́, ìtumọ̀ ló sì gbé, kì í ṣe ìró nìkan. Ìjọba wọn ṣe àkójọ èyí tó yẹ kí gbogbo èèyàn mọ̀: 1,945 ni ní ọdún 1981, wọ́n tún un ṣe ní 2010, ó di 2,136. Ọmọ Jàpáànù gan-an, tó ti gbọ́ èdè náà látinú ilé, ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló fi ń kọ́ 1,026 nínú rẹ̀. Ní kíláàsì kìíní, 80 péré ni wọ́n ń kọ́ ọ fún odidi ọdún kan. Ọmọ tiyín wá fẹ́ gbé ọgọ́rùn-ún mì lóru ọjọ́ kan. Ta ni yóò ṣe é tí kò ní í sunkún?

Ará Jámánì kan wà tó ń jẹ́ Hermann Ebbinghaus. Ìwé tó kọ nípa ìrántí jáde ní 1885. Ọkùnrin yìí kò lọ wá ẹlòmíràn, ara rẹ̀ ló fi ṣe ìwádìí. Ó kó nǹkan bí 2,300 ègé ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ kankan jọ, ó ń há wọn sórí, ó sì ń wo bí wọ́n ṣe ń sá kúrò lórí rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tó rí. Bó bá há wọn sórí tán, tó fi wọ́n sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú péré, tó tún padà wá kọ́ wọn, wàhálà tí yóò ṣe ti tó ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá tàkọ́kọ́. Ká ní odindi ọjọ́ kan ló fi sílẹ̀ ni, wàhálà náà ti di ìdá méjì nínú mẹ́ta. Lẹ́yìn ọjọ́ 31 ńkọ́? Kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ọjọ́ kìíní gan-an lolè fọ́lé, òun ló kó ẹrù tó pọ̀ jù. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ọjọ́ náà, díẹ̀díẹ̀ ló ń jí i. Ẹni tó gbàgbé lọ́jọ́ kejì, orí rẹ̀ kò dàrú, báyìí lorí gbogbo wa ṣe ń ṣe.

Bàbá yìí tún rí nǹkan mìíràn, òun ló dùn mọ́ mi jù. Ó rí i pé bí òun bá pín àtúnkà òun sí ọjọ́ mẹ́ta, ìgbà 38 tí òun tún un kà ṣe iṣẹ́ kan náà tí ìgbà 68 ṣe nígbà tí òun dà á jọ sí ọjọ́ kan ṣoṣo. Iṣẹ́ kan náà o, wàhálà fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìlàjì. Ó kàn fi àyè sáàárín rẹ̀ ni.

Kò sì yẹ kí èyí ya ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà lẹ́nu. Mélòó nínú yín ló ń kọ àwìn sílẹ̀? Ẹ kì í kọ ọ́. Síbẹ̀ ẹ mọ̀ pé ìyàwó tíṣà ṣì jẹ yín ní owó kóńgò méjì, ẹ mọ ọjọ́ tó kó o, ẹ mọ aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Kí ló fà á? Gbogbo ọjọ́ ọjà lẹ̀ ń ka gbèsè náà nínú ọkàn yín. Ẹ ò kà á nígbà ọgọ́rùn-ún lọ́jọ́ kan, ọjọ́ ọjà sí ọjọ́ ọjà lẹ̀ ń kà á.

Ọ̀gbẹ́ni Sebastian Leitner ló wá sọ ọ̀rọ̀ yìí di ohun tí ọwọ́ lè mú. Èdè Jámánì lòun náà fi kọ ìwé tirẹ̀, ní 1972, bí a ṣe ń kọ́ ẹ̀kọ́ ló kọ nípa rẹ̀. Ó ní kéèyàn wá àpótí kan, kó pín inú rẹ̀ sí yàrá márùn-ún, kó máa kọ ohun tó fẹ́ mọ̀ sórí káàdì, kó sì jẹ́ kí káàdì máa ṣí láti yàrá dé yàrá. Èyí tó bá mọ̀, ó ń lọ síwájú. Èyí tó bá gbàgbé, ó di yàrá kìíní padà. Yàrá iwájú ni wọn kì í ṣí lemọ́lemọ́.

Ẹ fún ọmọ yín ní páálí bàtà. Kó gé páálí pẹlẹbẹ sínú rẹ̀ kó fi pín in sí márùn-ún. Èmi fúnra mi ni mo fún àwọn yàrá náà lórúkọ báyìí, nítorí mo rí i pé ọjọ́ ọjà wa ti ṣe ìṣirò náà sílẹ̀ fún wa. Yàrá kìíní, ojoojúmọ́ ni ká máa pè é. Ìkejì, ọ̀túnla. Ìkẹta, ọrún. Ìkẹrin, ìsán. Ìkarùn-ún, ìtàdógún. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé bí Yorùbá bá ń ka ọjọ́, òní wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ọrún tí a ní ó jẹ́ márùn-ún, ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàárín ọjà kan àti èkejì. Ìsán, ọjọ́ mẹ́jọ. Ìtàdógún, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún: ìlọ́po méjì, ìlọ́po méjì ló ń lọ. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìkọ́ni lónìí, irú àyè tó ń fẹ̀ síwájú báyìí ni wọ́n ń wá.

Bó ṣe máa ṣe é nìyí. Lówùúrọ̀ kùtù, kó tó lọ sí ìdí mọ́tò, kó mú káàdì tuntun márùn-ún. Mo ní márùn-ún o, mi ò ní ogún. Kó kọ káńjì sójú kan, kó kọ ìtumọ̀, bí wọ́n ṣe ń pè é, àti ọ̀rọ̀ kan tó wà nínú rẹ̀ sójú kejì. Kó kó wọn sí yàrá ojoojúmọ́. Bílẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, kó wo ojú àkọ́kọ́ nìkan, kó gbìyànjú láti rántí. Kó tún fi bírò kọ ọ́ sórí ìwé pélébé láìwo ẹ̀yìn. Bó bá gbà á, káàdì náà lọ sí ọ̀túnla. Ó tún gbà á níbẹ̀, ó di ọrún. Bó bá wá kùnà nínú ìsán, kó má bínú, kó má sì ṣojú àánú: yàrá kìíní ló ń padà sí. Èyí tó bá yege nínú ìtàdógún, kó kó o sínú àpòòwé kan tí yóò máa ṣí lóṣooṣù.

Apá ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe rèé, èmi náà sì ṣi ibẹ̀. Wọ́n á yí káàdì wò kíákíá, wọ́n á ní "Ẹn, mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀." Irọ́ ni. Ojú ló mọ̀ ọ́n, ọkàn kò mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹ ti rí oníbàárà kan rí tẹ́ ẹ mọ ojú rẹ̀ dáadáa, tí ẹ sì ń bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tí orúkọ rẹ̀ kò wá sẹ́nu yín? Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ìwé mẹ́sàn-án tọ́mọ yín kọ kún, ó ń wo èyí tó wà lókè ló fi ń kọ tìsàlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣiṣẹ́, orí rẹ̀ ń sùn. Fífà á yọ látinú ọkàn, pẹ̀lú ìnira díẹ̀, òun ló ń mú kó dúró. Nígbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé gan-an ni fífà yọ yìí ń ṣiṣẹ́ jù, ìdí nìyẹn tí a fi ń dúró de ọrún àti ìsán.

Ẹ wá jẹ́ ká wo àwọn káńjì náà fúnra wọn, wọn kì í ṣe ẹsẹ̀ adìyẹ lásán. Igi rèé: 木. Ẹ wò ó, ìtì rẹ̀ dúró, ẹ̀ka ń bẹ lókè, gbòǹgbò tàn kálẹ̀ nísàlẹ̀. Igi méjì, 林, di igbó kékeré. Igi mẹ́ta, 森, ó di igbó kìjikìji. Ẹ wá gbé èèyàn síbi ìdí igi, 休, ìsinmi nìyẹn. Bí ọmọ yín bá ti rí mẹkáníìkì kan tó fẹ̀yìn ti igi máńgòrò lọ́sàn-án gangan, kò tún lè gbàgbé 休 mọ́.

Obìnrin pẹ̀lú ọmọ, 好, ìfẹ́ ni, kí nǹkan wuni. Obìnrin lábẹ́ òrùlé, 安, àlàáfíà ni, wọ́n sì tún ń lò ó fún ọjà tí kò wọ́n. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má bínú sí mi o, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́.

Èyí tó mú mi fò lórí àga ni 貝. Ìkarahun ni. Láyé àtijọ́, owó ẹyọ làwọn ará Ṣáínà ń ná gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ṣe ná an, nítorí náà ibi tọ́rọ̀ owó bá ti wà nínú káńjì, ẹ ó máa bá owó ẹyọ níbẹ̀. Kéèyàn ra nǹkan, 買, owó ẹyọ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọrọ̀, 財, owó ẹyọ ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kéèyàn tọ́jú owó pa mọ́, 貯, ó wà níbẹ̀. Òṣì ńkọ́? 貧: lókè ni àmì pípín, nísàlẹ̀ ni owó ẹyọ. Owó tí wọ́n pín, pín, pín títí tí kò fi kù nǹkan kan! Ìyá tó ń tajà láwìn fún gbogbo àdúgbò, òun nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo wo káńjì yìí, mi ò tíì gbàgbé rẹ̀.

Àwọn baba wa náà mọ irú ọgbọ́n yìí. Nínú àrokò, bí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ, kò dárúkọ, kò kọ̀wé, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé ẹfà ni, ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọ. Ohun tí a lè rí ni wọ́n so mọ́ ohun tí a fẹ́ kí ọkàn gbá mú. Kí ọmọ náà máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún káàdì kọ̀ọ̀kan, kó wá ìtàn kékeré tirẹ̀, ìtàn ilé wọn. Ìtàn ẹlòmíràn kì í pẹ́ lórí ẹni. Ṣùgbọ́n mi ò ní í tàn yín o: kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló rọrùn báyìí. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, apá kan ń sọ ìtumọ̀ díẹ̀, apá kejì ń sọ bí wọ́n ṣe ń pè é. Ẹni tó bá ti mọ àwọn ègé kéékèèké ni ìyẹn máa ń rọ̀ fún.

Ẹ sọ fún un pé kó bẹ̀rẹ̀ látinú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀. Honda tó ń tú lójoojúmọ́, orúkọ èèyàn ni, 本田. Igi tí wọ́n fàlà sí gbòǹgbò rẹ̀ ni 本, ìpìlẹ̀ ni. Oko ìrẹsì ni 田, ẹ wo ààlà inú rẹ̀ bó ṣe pín in. Yamaha ń kọ́? 山葉, òkè àti ewé. Suzuki, 鈴木, agogo kékeré àti igi. Ó ti mọ àwọn orúkọ yìí láti kékeré, káńjì márùn-ún tàbí mẹ́fà ti wọlé láìtíì lágùn. Orúkọ Jàpáànù gan-an, 日本, oòrùn àti ìpìlẹ̀ ni, ibi tí oòrùn ti ń yọ.

Ìdí tí mo fi ní kó kọ odidi ọ̀rọ̀ sẹ́yìn káàdì rèé: káńjì kan lè ní ìpè méjì, mẹ́ta. Òkè, 山, bó bá dá dúró, yama ni. Bó bá wà lára orúkọ òkè ńlá wọn, Fujisan, ó di san. Ẹni tó bá há ìpè lásán sórí láìsí ọ̀rọ̀, ọjọ́ ìdánwò ni yóò tó mọ̀ pé òun ò mọ nǹkan.

Àwọn kan sì wà tó jọra bí ìbejì. 土 ni ilẹ̀, 士 ni jagunjagun. Kí ni ìyàtọ̀? Ìlà ìsàlẹ̀ ló gùn ju tòkè lọ nínú ti ilẹ̀, tòkè ló gùn jù nínú ti jagunjagun. Bí káàdì kan bá padà sí yàrá kìíní nígbà mẹ́rin, márùn-ún, ó ṣeé ṣe kó ní ìkejì tó ń dà á láàmú. Kó wá a jáde, kó kọ àwọn méjèèjì sórí káàdì kan náà, kó fi bírò pupa fa ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Bí kò bá sí ìkejì, ìtàn tó fún un ló ti bà jẹ́, kó wá òmíràn.

Fóònù náà ń ṣe é. Piotr Wozniak, ará Pólàndì, ti gbé irú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà láti 1987, ó pè é ní SuperMemo. Damien Elmes ṣe Anki ní 2006, ẹni tó ń lo fóònù Android lè rí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀rọ náà ni yóò máa ṣírò ọjọ́ fún un. Ó dára, ṣùgbọ́n èmi ò fẹ́ kí ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Fóònù kan náà ni fídíò wà, òun ni ìpè ọ̀rẹ́ wà. Páálí bàtà kì í dún.

Ṣé ẹ ó bi mí pé ìgbà wo ni yóò parí? Márùn-ún lójúmọ́, 2,136 yóò gbà tó ọdún kan àti oṣù méjì kó tó kọjá lójú rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n kò nílò gbogbo rẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Èyí tí wọ́n ń pè ní JLPT ní ìpele márùn-ún, N5 ló rọ̀ jù, N1 ló le jù, kó ti ìsàlẹ̀ gòkè. Lọ́jọ́ tí káàdì àtijọ́ bá pọ̀ jù, kó má fi tuntun kún un rárá. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pa á, kó ṣe mẹ́wàá péré nínú àtijọ́, kó sùn. Fífo ọjọ́ mẹ́ta ló burú, gbèsè á kó jọ, àyà á já a, á sì pa páálí tì. Kó má sì ṣe àìsùn mọ́! Ìgbà tí èèyàn bá sùn ni ohun tó kọ́ lọ́sàn-án ń rídìí jókòó. Omi tútù tí mo kẹ́sẹ̀ sí nígbà yẹn, òtútù ló fi ta mí lọ́rẹ, kò fi Kẹ́mísìrì ta mí lọ́rẹ.

Màámi ẹlẹ́lùbọ́, ẹ fowó yín ra ọjà. Ẹ yọ díẹ̀ níbẹ̀ ra bírò pupa kan, dúdú kan, àti bébà líle tó ṣeé gé sí káàdì. Ti ẹbí bàbá rẹ̀ tí wọ́n dá lẹ́bi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bá ẹnikẹ́ni jà. Bí ẹ bá sì fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ẹ lè jókòó tì í lówùúrọ̀, kẹ́ ẹ máa gbé káàdì náà sókè fún un, ẹ̀yìn rẹ̀ sọ́dọ̀ yín. Ìtumọ̀ tó kọ síbẹ̀, Yorùbá ni. Bẹ́ ẹ bá mọ̀wé kà díẹ̀, ẹ ó mọ̀ bó bá gbà á. Bẹ́ ẹ ò bá mọ̀ ọ́n kà, àbúrò rẹ̀ lè ṣe é. Kí ọmọ náà kọ̀wé sí mi nígbà tí ìtàdógún kẹta bá pé, kó sọ iye káàdì tó ti wà nínú yàrá ìkarùn-ún. Mo ti gé páálí tèmi náà, káàdì mọ́kànlá ló wà nínú ọrún báyìí, 貧 wà lára wọn.